Pístìn Tuntun Lọ́nà Ayédé

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, alùpùpù ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í mu ọ́ìlì bí ọ̀mùtí, ó sì ń tú èéfín bí oko tí wọ́n ń sun. Wòlé-wòlé ni ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ ìkòkò omi àti ṣáláńgá wò káàkiri agbègbè Ọyẹ́. Èmi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì nígbà náà, mo wá lo ọlidé nílé.

Mẹkáníìkì tó ń tọ́jú alùpùpù náà ní Ìkọ̀lé kì í wọṣọ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kóòtù funfun bíi ti dókítà ló máa ń wọ̀, ó sì máa ń nu ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Ó fa pístìn àtijọ́ yọ, ó ti ìka bọ inú sìlíńdà, ó sì mi orí bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀ fún ẹbí.

"Inú rẹ̀ ti jẹ tán," ló wí. "Àfi ká ṣe ríbọ́ọ̀."

Ó fi sìlíńdà náà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ inú rẹ̀ wà. Nígbà tó padà dé, inú rẹ̀ ń dán bíi dígí, ó sì ti fẹ̀ sí i díẹ̀, nítorí náà pístìn tó tóbi ju ti àtijọ́ lọ ni mẹkáníìkì kì bọ̀ ọ́, tòun ti ríìngì tuntun.

"Ẹ má sáré rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ó kìlọ̀. "Pístìn àti sìlíńdà kò tíì mọwọ́ ara wọn. Bí ẹ bá sáré, á gbóná, á wú, á há síbẹ̀. Nọ́ọ̀kì là ń pè é. Ẹ má ní mi ò sọ o."

Ọ̀rọ̀ yìí kò bọ́ sákòókò. Ọmọge kan wà ní Ìsàn tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fẹ́. Ọmọge gbà, ìyá rẹ̀ gbà, bàbá rẹ̀ ló kọ̀. Ó ní òun kò lè fi ọmọ fún ẹni tó ń fi alùpùpù kọjá lára àgbà bí ìjì, tí kì í kí ẹnikẹ́ni. Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ló ní òun máa sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Nígbà tí Sátidé náà pé, a gbéra ní Ọyẹ́, à ń rọra lọ bí ẹni tó gbé ẹyin. Ẹ̀gbọ́n mi dé akẹtẹ̀ òyìnbó. Èmi tí mo wà lẹ́yìn wọ kóòtù yunifásítì mi, tí wọ́n kọ èdè Látìn sí láyà, èdè tí èmi fúnra mi kò gbọ́. Ẹni tó ń sáré lè ṣe bí ẹni tí kò rí èèyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ kò ríbi fojú pamọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í kí èèyàn.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, mà!"

Obìnrin tó ń yan gàrí lẹ́bàá ọ̀nà fò dìde, ó da omi ìkòkò rẹ̀ nù. "Àárọ̀ yìí ni mo pọn ọ́n, sà!"

"Mo kàn ń kí yín ni."

"Ẹ ń kí mi? Kí ni mo ṣe?"

Ìkíni la fi dẹ́rù ba gbogbo ọ̀nà títí a fi dé Ìsàn. Adẹ́mu kan tó fi kẹ̀kẹ́ yà wá sílẹ̀ ti ròyìn wa fún bàbá ọmọge. Ó gúnwà sílé nínú agbádá ńlá, ó ń retí wa.

"Wọ́n ní o kí ènìyàn lónìí," ló wí. "Ṣé ara rẹ dá?"

Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀. "Ara mi dá, sà."

"Kò burú. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni mo lọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Ayédé. Ohun tó bá sọ labẹ gé. Gbé mi lọ."

Bàbá gba ẹ̀yìn alùpùpù, wọ́n sì yá mi ní kẹ̀kẹ́ kí n máa tẹ̀ lé wọn. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́, kẹ̀kẹ́ náà, tí bíréèkì rẹ̀ kò mú dáadáa, gbé mi kọjá lára wọn. Mo ṣe bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹ kú ìrìn o, sà!"

Bàbá fárígá. "Ṣé kẹ̀kẹ́ ló fi wá sílẹ̀ yẹn?"

"Pístìn tuntun ni, sà. A ò gbọdọ̀ sáré."

"Kí ló ń jẹ́ pístìn? Wo àwọn ẹgbẹ́ mi lábẹ́ igi lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Ṣé kí wọ́n rí mi lórí ìgbín ni? Sáré!"

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n mi: tó bá sáré, ẹ́ńjìnnì lọ, tí kò bá sáré, ìyàwó lọ. Ó yan ìyàwó. Alùpùpù bú ramúramù, wọ́n fi mí sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ bàbá nawọ́ kí i, kò tiẹ̀ bojú wò wọ́n. Agbádá rẹ̀ ń fẹ́ bí ìyẹ́ àwòdì, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ìsàlẹ̀ òkè tó wọ Ayédé ni mo ti bá wọn. Pístìn ti há.

Bàbá wo òkè, ó wo ẹ̀yìn, ó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń rọ́ bọ̀ láti wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó bọ́ agbádá, ó kó o lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká tì í."

"Ẹ fi í sílẹ̀, sà, èmi àti àbúrò mi..."

"Mo ní ká tì í, kí àwọn yẹn tó dé!"

Wọ́n tì í gun òkè, àna lápá ọ̀tún, ọkọ ìyàwó lápá òsì. Ìyá àgbà ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí níwájú ilé nígbà tó rí àbúrò rẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù.

"Ìwọ tí o kì í gbé àga fúnra rẹ nínú ulé! Ta lò ń bá ti alùpùpù?"

Èémí kò jẹ́ kí bàbá lè sọ̀rọ̀ bó ṣe fẹ́. "Ọmọ wa ló... ló fẹ́ fẹ́. Mo ní ká wá... wá bi yín."

"Kí lo tún fẹ́ bi mí? Ẹni tí o bá ti ẹrù gòkè, ṣé o ṣì fẹ́ sọ fún un pé o ò mọ̀ ọ́n ni? Àna mi, wọlé, máa bọ̀."

Ó wọlé lọ, a sì gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń pè pé kí wọ́n gbé iṣu kaná. Bàbá gba agbádá rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó wọ̀ ọ́, ó jókòó, ó wúkọ́. Ó ní lẹ́yìn tí òun ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, òun ti gbà láti fi ọmọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Kò sẹ́ni tó bi í mọ́.