Ọ̀gá Tí Wọ́n Bá Nínú Ọkọ̀ ní Ìyìn-Èkìtì

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo kúrò ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Èmi ni ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ṣe ètò orí fóònù tí àgbẹ̀ lè fi ta iṣu rẹ̀ láìdúró de alájàpá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn pé ọ̀gá àgbà ni mí, torí ó kù díẹ̀ kí èmi fúnra mi gbàgbé. Fọlákẹ́ àti Túndé, àwọn méjèèjì tó fi owó wọn dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ tí wọ́n sì gbà mí síṣẹ́, ti sọ fún mi láìfepobọyọ̀ pé bí àwọn àgbẹ̀ Ìyìn-Èkìtì kò bá tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú wa, kí n máa wá iṣẹ́ mìíràn.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lowó ọkọ̀ dé Adó. Kòtò la ń sá fún títí a fi kọjá Ifẹ̀. Lẹ́yìn Iléṣà, òkè bẹ̀rẹ̀. Àwa náà ní òkè n'Ìbàdàn, ṣùgbọ́n a ti kọ́lé bo tiwa. Òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ní tirẹ̀, ọkọ̀ ní láti bẹ̀ ẹ́ kó tó gùn ún. Afẹ́fẹ́ tútù ibẹ̀ ló mú kí oorun gbé mi lọ. Ìgbà tí mo máa lajú, Adó la wà, a sì ti kọjá Ìyìn lójú ọ̀nà.

Ẹ̀bá Ọjà Ọba ni mo ti rí takisí Bàbá Rájí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n àdúgbò Òkè-Ìlá l'Ádó ló fi ṣe ilé, ó sì ti ń wakọ̀ ní Adó kí wọ́n tó bí mi. Ó sanra, ó fara balẹ̀, ó wọ agbádá funfun báláú torí ìrun Jímọ̀.

"Bàbá, Ìyìn ni mò ń lọ."

"Ìyìn tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kọjá?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń lu sítíárìn.

Ní Ìyìn, mo fi Bàbá Rájí sílẹ̀ nínú ọkọ̀ níbi tó ti ń tòògbé, mo gbé báàgì mi kọ́ èjìká, mo wọ ilé ìpàdé, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà. Alága wọn jókòó láàárín, kò la ẹnu rárá. Màmá tó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ àgbẹ̀ náà ló ń sọ̀rọ̀ fún un.

"Káàbọ̀ o, ọmọ mi. Ọ̀gá rẹ dà? Àbí ulé ló kù sí?" Ulé ni wọ́n ń pe ilé níbẹ̀.

"Màmá, èmi ni ọ̀gá."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo báàgì èjìká mi. "Ta ní í rán ọ̀gá níṣẹ́?" Màmá Akápò bi mí, pẹ̀lú àánú.

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Mo fún wọn ní káàdì mi tí a kọ ọ̀gá àgbà àti nọ́ńbà ọ́fíìsì wa sí, mo fi àwòrán hàn wọ́n. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ tó ni mo ń di ìránṣẹ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ a kì í ṣe aláìmọ̀ nílé wa náà: olórí kì í ti ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ìwé kọ̀ǹpútà tí mo kà ló jẹ́ kí n gbàgbé. Màmá Akápò bojú wo ìta lójú fèrèsé, ó figbe ta.

"Yéè! Ẹ wo àgbà nínú oòrùn! Ìwọ ọmọ yìí, o fi ọ̀gá rẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀!"

Kí n tó dáhùn, àwọn ọkùnrin ti sáré jáde. Bàbá Rájí jí, ó rí i tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ yí ọkọ̀ rẹ̀ ká. Ó wò mí láti òkè orí wọn. Mo fẹ́ sọ òótọ́, mo tún rántí Fọlákẹ́ àti Túndé, ẹ̀rù sì bà mí. Mo sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún un.

Wọ́n mú un jókòó ti Alága. Àwọn méjèèjì ń mi orí síra wọn. Màmá Akápò ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀kan, mo ń sọ̀rọ̀ fún èkejì, ọ̀rọ̀ sì wá ń lọ geerege. Àfi ìgbà tó kan iye tí yóò máa jẹ́ tiwa lórí iṣu tí wọ́n bá tà. Ohun tí wọ́n dá lábàá kéré. Mo tẹ̀ sí etí Bàbá Rájí bí ẹni tó ń gba ìmọ̀ràn.

"Ṣé wọn ò ní fún wa lóúnjẹ ni?" ó bi mí wúyẹ́wúyẹ́.

Mo nà ró. "Ọ̀gá ní àwọn ṣì ń rò ó."

Eruku bọ́ sí Bàbá Rájí lọ́fun, ó wúkọ́.

"Wọ́n ti ń bínú," ni Màmá Akápò wí. Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi kún un, ó tilẹ̀ ju ohun tí mo fẹ́ bèèrè lọ. "Ẹ gbé uyán wá fún ọ̀gá!"

Iyán dé pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. N'Ìbàdàn, a máa ń sọ pé a jẹ iyán. Ní Ìyìn mo rí i pé eré la ń ṣe. Wọ́n bu tèmi sí abọ́ kékeré, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n gbé ìwé àdéhùn fún Bàbá Rájí, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ gàdàgbà. Wọ́n gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Alága la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́: "Ó dára."

Nígbà tí a ń padà, Bàbá Rájí wọ ẹ̀yìn ọkọ̀. "Iyán ti wọ̀ mí lára. Ìwọ máa wà á." Èmi ni mo wa ọkọ̀ gbé e dé mọ́sálásí l'Ádó, kò sì yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú owó ọkọ̀ tó ní kí n san.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Ìbàdàn, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo gbé ìwé fún Fọlákẹ́ àti Túndé nínú ọ́fíìsì, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Màmá Akápò ti pe ibí," Fọlákẹ́ wí. "Wọ́n fẹ́ràn ọ̀gá wa gan-an. Ṣùgbọ́n wọ́n ní iṣu kan ò ní jáde, àfi tí a bá lé ìránṣẹ́ tó bá a wá. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ pọ̀ jù."

Mo wo Túndé. Túndé ń wo àjà. Ó dùn mí wọra. Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé ẹni tí wọ́n bá pè lọ́gàá ni ọ̀gá, káàdì kò sì lè bá wọn jiyàn. Bí mo ṣe ń kó ìwé mi jọ lórí tábìlì ni fóònù mi dún. Bàbá Rájí ni.

"Wọ́n pè mí láti Ìyìn," ó wí. "Wọ́n ní kí n lé ẹ. Mo ní rárá, pé ọmọ dáadáa ni ẹ́, mo máa bá ẹ wí. Wọ́n ti gbà. Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ, àmọ́ dín ọ̀rọ̀ kù."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ ọ́fíìsì, lójú Fọlákẹ́, lójú Túndé, fóònù wà létí mi.

"Ẹ ṣé, ọ̀gá," ni mo wí.