Ọkùnrin Kan, Ọmọbìnrin Márùn-ún

Òórùn aṣọ tútù lábẹ́ ayọ́ọ̀nù ẹlẹ́ẹ̀dú ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Télọ̀ ni bàbá mi ní Adó. Ìyá mi ni ìyáálé rẹ̀, Ìyá Kékeré sì ni ìyàwó, òun ló máa ń bá a lọ aṣọ. Ṣùgbọ́n bàbá mi ló ń dá aṣọ lọ lọ́jọ́ náà, torí pé Ìyá Kékeré ti bínú lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìgèdè. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa bóyá yóò padà. Ó dùn mí, òun ló ń dirun fún mi.

Inú ẹrù tòkunbọ̀ tí àbúrò bàbá mi kó dé ni mo ti rí ìwé kọ́míìkì àwọn ará Japan kan: ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin márùn-ún tí gbogbo wọn fẹ́ ẹ. Mo kà á láti apá òsì. Ọmọkùnrin náà gbéyàwó, obìnrin kún ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n wá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku òun nìkan nínú yàrá. Mo wo bàbá mi nídìí ayọ́ọ̀nù, mo sì sọ ohun tí mo kà fún àbúrò rẹ̀.

Àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, bíi Kùránì tí mo ń kà nílé kéú.

Mo tún un kà, ó sì dùn. Ìwà àwọn ọmọbìnrin náà yàtọ̀ síra: ọ̀kan jẹ́ oníjà, ọ̀kan kò lè sebẹ̀ kó má jóná. Ọmọkùnrin yẹn gan-an ni kò ní láárí. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Ti ẹni yìí, eku márùn-ún ló ń lé e, kò sì mọ ibi tí yóò yà sí. Níparí, ó mú ọ̀kan. Àwọn mẹ́rin tó kù rẹ́rìn-ín músẹ́, a ò sì rí wọn mọ́.

Mo bi ìyá mi níbi tó ti ń gúnyán pé ibo ni wọ́n lọ. Ó dá ọmọ odó dúró.

“Ulé bàbá wọn ni wọ́n lọ,” ló wí. “Ẹnìkan á sì ní láti lọ wò wọ́n.”

Lọ́jọ́ kejì, ó wé gèlè, ó gba Ìgèdè lọ. Nílé tiwa, ìyáálé ló ń lọ bẹ ìyàwó tó bá bínú lọ. Nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì jọ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ohun kan tí wọn ò sọ fún wa. Inú mi dùn débi pé mo sunkún.

Mo ṣì ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, èmi tí mo jẹ́ ìyàwó kan ṣoṣo nílé ọkọ mi. Lọ́mọdé, ẹni tí ọmọkùnrin náà máa mú ni mo máa ń wá. Ní báyìí, ojú ewé kan péré ni mo ń wá, níbi tí àwọn ọmọbìnrin náà ti jókòó tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ara wọn, tí wọn ò dárúkọ ọmọkùnrin náà. N kò tíì rí i.

Lẹ́yìn tí a sin ìyá mi, mo bi Ìyá Kékeré léèrè ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ ní Ìgèdè lọ́jọ́ náà.

“Àárín èmi àti ìyá rẹ nìyẹn,” ló wí.