Ebi Pa Ọmọ Ìkòsì ní Jámánì

Kí n tó lọ lo sáà ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì kan ní ilẹ̀ Jámánì, òtútù ni gbogbo ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi nílé wa ní Ìkòsì dá lé. Dádì mi, tí wọ́n ń jórin ní Owódé Onírin, ra kóòtù òkìrìkà kan fún mi ní Kẹ́tu, ó wúwo bí àpò ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ oúnjẹ.

Ta ni ì bá tiẹ̀ sọ ọ́? Láti kékeré ni Mummy mi, ọmọ Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé, ti kọ́ mi pé bí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ mí nílé onílé, kí n ní mo ti yó. Onílé á ní irọ́ ni, mo tún gbọ́dọ̀ kọ̀, wọ́n á fà mí jókòó, ìgbà náà ni màá wá jẹun bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Gbogbo àdúgbò wa ló mọ eré yìí. Mi ò rí ẹni tí ebi pa nínú rẹ̀ rí.

Ilé ìyá àgbàlagbà kan ni yunifásítì fi mí sí, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń dá gbé. Gẹ̀ẹ́sì la jọ ń sọ. Lọ́jọ́ tí mo dé, wọ́n ti se pòtétò àti ẹran sílẹ̀, òórùn rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bi mí bóyá màá jẹun. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé Ma, mo ti yó." Mo wá dúró kí wọ́n bẹ̀ mí.

Wọn ò bẹ̀ mí o. Ìyá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní ó dáa, wọ́n dé ìkòkò, wọ́n gbé e sínú fíríìjì. Mo ń wo ìlẹ̀kùn fíríìjì bí ẹni tí wọ́n ti géètì ẹ́sítéètì Magodo mọ́ síta.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún bi mí, mo tún yó. Bísíkíìtì ni mo ń jẹ ní yàrá, tí mo ń fi omi lé e. Ní kíláàsì, olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ níwájú, ikùn mi ń dá a lóhùn. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀kọ́ tí gbogbo ilé wa ti yọ̀ sí, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Inú ń bí mi sí ìyá yẹn: irú èèyàn wo ni kì í bẹ àlejò? Mo ti ń ronú pé kí wọ́n kúkú dá mi padà sí Ìkòsì.

Lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n gbé ọbẹ̀ gbígbóná kalẹ̀, wọ́n bi mí bí ìṣe wọn. Mo ti fẹ́ sọ pé mo ti yó, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi: "Ebi ń pa mí, Ma. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni ebi ti ń pa mí."

Wọ́n fi ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi ń kọ̀? Mo ṣàlàyé eré wa fún wọn látòkèdélẹ̀. Ojú wọn pọ́n fún ìtìjú. Wọ́n ní àwọn rò pé oúnjẹ ọwọ́ àwọn ló ń rí mi lára, pé àwọn ti fẹ́ pe yunifásítì kí wọ́n wá ilé mìíràn fún mi.

"Lọ́dọ̀ wa," ni wọ́n wí, "tí àlejò bá ti ní rárá, ìwọ̀sí ni kéèyàn tún máa yọ ọ́ lẹ́nu."

Àṣé àwa méjèèjì la ń bọ̀wọ̀ fúnra wa, tí ebi ń pa ọ̀kan, tí ìbànújẹ́ ń pa èkejì. Ìyá bu ọbẹ̀ kún abọ́ fún mi. Mo jẹ ẹ́ tán, mo sunkún díẹ̀, mo sì na abọ́ náà sí wọn pé kí wọ́n tún bù sí i.