Ejò Inú Ìkòkò Òdòdó

Nígbà tí mo ṣì ń bá ìyá mi sùn lórí ẹní kan náà, òdòdó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa n'Íbàdàn. Inú agolo àti ìkòkò tó ti sán ni ìyá mi ń gbìn wọ́n sí. Bí òjò bá rọ̀, ejò kékeré kan máa ń yọ nílẹ̀ wa, dúdú, kò ju ekòló lọ, ẹ ò lè rí ojú rẹ̀. Ìyá mi á fi ìgbálẹ̀ gbá a síta, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kọ́lé, ìyá mi gbé ìkòkò òdòdó kan lọ bá a yọ̀. Kò pẹ́ tí ejò yẹn fi yọ ní balùwẹ̀ ilé tuntun. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi dá a mọ̀, torí ilé wa ló ti rí i rí. Ó ní àbúrò òun ń ṣe ìlara òun, ó fi rán ejò sí òun. Ẹ̀yin ọmọ mi, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí ikú fi mú àwọn méjèèjì. Ìyá mi á kàn jókòó, á ní, "Kí ni mo fẹ́ fi ilé ẹ̀gbọ́n mi ṣe?" Ó máa ń dùn mí wọra.

Lóṣù tó kọjá, nílùú òyìnbó níbí, ní University Heights, mo ń bomi rin òdòdó tí ọmọ mi rà, èyí tí wọ́n kó wá láti Florida. Irú ejò yẹn gan-an ló yọ lábẹ́ ìkòkò. Ọmọọmọ mi ya fọ́tò rẹ̀, ó bi fóònù léèrè.

"Grandma, kì í bite. Inú soil ló máa ń wà. Bí wọ́n ṣe ń gbé flower kiri ló ṣe ń dé ibi gbogbo. Ọ̀kan péré tó, kò need ọkọ kó tó bímọ."

Láti ọjọ́ náà, mi ò lè jókòó. Mo ń wọ kíṣìnnì, mo ń jáde, mi ò rántí ohun tí mo wá ṣe. Nígbà tiwa, ẹnu aládùúgbò la ti ń wá ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tó tú ilé wa ká, ọmọ kékeré fi fóònù yanjú ẹ̀ kí ọbẹ̀ tó hó. Inú ń bí mi, mi ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí.

Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé ní Springfield Gardens. Ó ti pẹ́ tí àwa méjèèjì ti wà nílùú yìí, a kì í kí ara wa. Mo gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ará ilé wa kan, mo pè é, mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀.

Ó ní, "Àwọn méjèèjì ti lọ. Ta la fẹ́ wá sọ ọ́ fún báyìí?"

Mo ní, "Èmi rèé, ìwọ náà rèé."

Ó ní, "Saturday ni mo off. Ẹ máa bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé flower kankan wá o."