Elétí-Ọfẹ àti Sípíkà Rẹ̀

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ ara rẹ̀ ní Elétí-Ọfẹ; kò sẹ́ni tó fún un lórúkọ yẹn. Iṣẹ́ sípíkà ló ń ṣe. Sípíkà kan péré ló máa ń wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe, òun náà ni yóò gbé ohùn ńlá àti ohùn tín-ín-rín. Irú rẹ̀ máa ń han gooro, ìdí nìyẹn tó fi ń so wáyà bàbà tó ká rogodo àti rẹsísítọ̀, ẹ̀yà kékeré tó ń dín agbára iná kù, mọ́ ọn, kí ohùn lè rọ̀; bí agbára rẹsísítọ̀ bá ṣe kéré tó ni ohùn ṣe máa ń han tó. Ìyẹn dáa. Ibi tí ọgbọ́n rẹ̀ mọ náà nìyẹn.

Nígbà tó lé lọ́gọ́ta ọdún, ó ní ohùn sípíkà pálọ̀ òun ti kú. Ó fi rẹsísítọ̀ tó kéré pààrọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Lóṣù kejì, ó tún fi èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Nígbà tó yá, ó yọ gbogbo rẹ̀, àti wáyà àti rẹsísítọ̀, dà sínú agolo.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá àwọn ọmọ, nǹkan yìí ń gún wa létí o!"

Etí ikún ló kọ sí i. "Ọlọ́run ò fún gbogbo èèyàn létí," ló wí, ó sì yínmú sí wa.

Àwọn ọmọ wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà sì fi ẹ̀rọ ìgbọ́ràn sí i létí. Ó délé, ó tan orin. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, tó ń pariwo: "Ta ló ba sípíkà mi jẹ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbé agolo náà síwájú rẹ̀.

"Ẹ bi Elétí-Ọfẹ."