Bọ́ọ̀lù Yẹ́lò Lórí Sítátọ́ọ̀sì Bàámi

Òfíntótó ni mí, n kò ní purọ́. Ìyá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé bí ẹnì kan bá sín ní àdúgbò kejì, èmi ni n óò kọ́kọ́ fẹ́ mọ ohun tó kó sí i nímú. Iṣẹ́ ìránṣọ ni mò ń ṣe ní Adó, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Ọba, iṣẹ́ náà sì bá ìwà mi mu dáadáa, nítorí ẹni tí wọ́n bá ń wọn ìbàdí rẹ̀ kì í pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe ẹnu oníbàárà ni mo ti gbọ́ ọ. Inú fóònù ni mo ti bá a pàdé, bàbá tó bí mi lọ́mọ ni mo sì ń ṣọ́.

Bàámi kì í sọ̀rọ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi bá ìjọba wọn ilẹ̀ tí ọ̀nà yóò gbà, bí ẹ bá sì bi í pé báwo ni ibi iṣẹ́, á ní, “Ó wà níbẹ̀.” Ó parí nìyẹn. Nígbà tó fẹ̀yìntì ni gọ́ọ̀fù wá kó sí i lórí. Gọ́ọ̀fù, ní Adó! Ẹ má rò pé koríko tútù tí wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ni o. Pápá tiwọn wà lẹ́yìn ìlú, ihò mẹ́sàn-án péré, màlúù a máa gba àárín rẹ̀ kọjá nígbà tó bá wù wọ́n. Ibi tí ihò wà gan-an kì í ṣe koríko rárá, iyanrìn dúdú ni, tí wọ́n fi ọ́ìlì ọkọ̀ pò kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Búráwùn ni wọ́n ń pè é. Mo mọ gbogbo èyí báyìí. Nígbà náà, ohun tí mo mọ̀ kò ju pé àgbàlagbà kan ń fi irin lé bọ́ọ̀lù kékeré kiri nínú oòrùn.

Ìgbà tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan sórí sítátọ́ọ̀sì wásáàpù ni ara mi kò lélẹ̀ mọ́. Lójoojúmọ́, bó bá ti kírun Àsùbáà tán tí ilẹ̀ sì mọ́, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ihò kìíní. Ihò kejì. Á kọ iye ìgbà tó gbá a àti ọ̀rọ̀ bíńtín sí ìsàlẹ̀: “Mẹ́rin. Atẹ́gùn pọ̀.” Títí á fi dé ìkẹsàn-án. Bó bá sì di ìwòyí ọ̀la, gbogbo rẹ̀ á ti pòórá. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ní, ẹ wo ọkùnrin tí kì í bá ọmọ rẹ̀ sọ ju gbólóhùn méjì lọ, tó ń gbé àwòrán mẹ́sàn-án síta lójúmọ́. Ta ló ń gbé e fún?

Mo wá fojú sí i dáadáa. Bọ́ọ̀lù méjì ló máa ń wà nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan funfun, ìkejì yẹ́lò. Bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló ń lọ sí pápá láàárín ọ̀sẹ̀, ó sọ fún mi fúnra rẹ̀. Áà! Ta ló ni yẹ́lò? Ọkàn mi kò lọ sí ibòmíràn ju obìnrin lọ. Ìyá mi kò tíì pé ọdún méjì lábẹ́ ilẹ̀. Inú bí mi débi pé mo gún ara mi lábẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ya ojú fóònù mi pamọ́ ní gbogbo ìgbà tí àwòrán bá jáde, kí n lè ní ẹ̀rí lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo bá máa kò ó lójú.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo wé ìborùn mi, mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn igi kajú ní pápá wọn. Bàámi nìkan ni mo rí. Ó gbá bọ́ọ̀lù funfun, ó dúró wo ibi tó balẹ̀. Ó wá yọ yẹ́lò lápò, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó wo fóònù, ó dá irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú báàgì, ó mú òmíràn, ó sì gbá yẹ́lò náà. Kò sí ẹyọ obìnrin kan níbẹ̀. Mo fẹ́ rọra yọ́ lọ ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

“Jáde lẹ́yìn igi kajú yẹn. Ìborùn pupa lo wé.”

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ojú kì í tì mí pẹ́. Mo ní, “Ẹ má bínú, sà. Ta ló ni yẹ́lò?”

Ó ní, “Ọ̀rẹ́ mi ni.”

Ọjọ́ náà ni Bàámi sọ̀rọ̀ jù látìgbà tí mo ti dáyé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà ní Ìyìn-Èkìtì, Bàbá Ìyìn ni gbogbo wa ń pè é. Ó dàgbà ju Bàámi lọ díẹ̀, òun gan-an ló sì kọ́ ọ ní gọ́ọ̀fù. Mo mọ̀ pé àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú, pé apá ọ̀tún rẹ̀ ti lọ àti pé ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ó ti ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá wo òun nínú ipò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Bàámi lọ sí Ìyìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá a padà lẹ́nu géètì pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ó pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ó kọ̀wé sí i, kò dáhùn.

Bàámi ní, “Kí èèyàn kọ̀wé sí i dà bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Mo wá gbé ihò kìíní sórí sítátọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan. Ìyẹn kò kan ẹnikẹ́ni nílẹ̀kùn, ẹni tó bá wù á ló ń yọjú. Mo ṣàdédé rí i pé ó wò ó. Ó fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí mi, nọ́ńbà lásán. Márùn-ún.”

Irin karùn-ún ló ń sọ, nítorí irin gọ́ọ̀fù ní nọ́ńbà, bí nọ́ńbà bá sì ṣe kéré tó ni bọ́ọ̀lù ṣe ń lọ jìnnà tó. Irin tí òun ìbá mú ká ní òun ló dúró síbẹ̀. Bí yẹ́lò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàámi á ya ibi tí bọ́ọ̀lù dé, Bàbá Ìyìn á fi àtàńpàkò òsì tẹ nọ́ńbà ránṣẹ́, Bàámi á sì bá a gbá a.

Mo ní, “Ṣé ẹ kì í rẹ́ ẹ jẹ díẹ̀díẹ̀?”

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi yí. “Bí mo bá rẹ́ ẹ jẹ, kí ni mo wá ń ṣe níbí?” Ó ṣí ibi tí wọ́n ti ń rí orúkọ àwọn tó wo sítátọ́ọ̀sì, ó fọwọ́ tọ́ka sí orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Bí mo bá ti rí èyí láàárọ̀, mo mọ̀ pé ó jí, mo sì mọ̀ pé ó ṣì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù.”

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Ṣùgbọ́n àṣà yíya ojú fóònù ti mọ́ mi lára, n kò dẹ́kun.

Ọjọ́ tí nǹkan bàjẹ́, ọjọ́ ayọ̀ ló kọ́kọ́ jẹ́. Ihò keje kò jìnnà, ẹ óò máa rí àsíá rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ni àwọn méjèèjì fi wá bí wọ́n ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ náà, Bàbá Ìyìn kọ “méje.” Bàámi ní òun bú hùn-ún, pé mẹ́sàn-án ló yẹ, pé méje máa gbé e wọgbó. Àmọ́ ó mú méje. Bó ṣe gbá a ni atẹ́gùn dìde wá pàdé rẹ̀, bọ́ọ̀lù balẹ̀, ó yí gbirigbiri lórí iyanrìn, ó sì bọ́ sínú ihò. Òun nìkan, nínú pápá. Ó ya yẹ́lò nínú ihò, ó gbé e síta láìkọ ọ̀rọ̀ kankan. Ayọ̀ kò jẹ́ kó dúró síbẹ̀, ó tún wá àwòrán ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ jáde, tó dé fìlà funfun tó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé òun náà tẹ̀ lé e. Kò kọ nǹkan kan sí abẹ́ èyí náà. Ó pa ìró fóònù rẹ̀, ó tì í bọ báàgì, ó lọ gbá ihò kẹjọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa níbí, bí àwòrán àgbàlagbà bá yọ lórí sítátọ́ọ̀sì, tó ń rẹ́rìn-ín, tí wọn kò kọ ohunkóhun sí i, ta ló tún ń béèrè? Àwa Mùsùlùmí tún wá burú jù, nítorí a kì í jẹ́ kí òkú sùn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wádìí, wọ́n á ti sin òkú kó tó dé. Èmi pàápàá, tí mo mọ ìdí ọ̀rọ̀ látòkèdélẹ̀, mo ya àwòrán ihò keje láìwo ohun tó wà nínú rẹ̀, mo tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, mo rí fìlà funfun, mo lọgun. Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí Bàámi: “Innā lillāhi. Ẹ kú ará fẹ́ra kù, sà.” Ẹ gbà mí o.

Kó tó di ọ̀sán, ìròyìn ti dé Ọjà Ọba, níbi tí ìyàwó Bàbá Ìyìn ti ń ta ẹ̀wà. Ẹnì kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń bá a kẹ́dùn. Obìnrin náà fi ẹ̀wà sílẹ̀, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan gun ọ̀kadà, ó dorí kọ Ìyìn. Ó bá ọkùnrin mẹ́ta láti mọ́ṣáláṣí lẹ́nu géètì pẹ̀lú ṣọ́bìrì, wọ́n ń béèrè ibi tí wọn yóò gbẹ́. Ọkọ rẹ̀ sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣíbí ògì wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó ń wò wọ́n. Mo ń rẹ́rìn-ín báyìí. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù ọkọ rẹ̀, tí iná ti tán lára rẹ̀ láti àárọ̀, ó tì í mọ́ inú àpótí, ó sì pe Bàámi.

“Wọ́n ti bá mi kẹ́dùn ọkọ mi lójú ayé rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wá sílẹ̀. N kò fẹ́ gọ́ọ̀fù mọ́.”

Bàámi wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ohun tí kò ṣe rí. Ó ṣáà ń ṣí fóònù, ó ń pa á dé. Ó ní, “Kò tíì rí i. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀.” Ó jókòó títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, àwòrán ti pòórá, orúkọ náà kò sì yọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò fi lọ sí pápá.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo ní ká lọ sí Ìyìn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kò fẹ́ àlejò.

Mo ní, “Bàámi, ẹni tí wọ́n ti gbé ṣọ́bìrì wá bá nílé, àlejò wo ló tún kù tí yóò bà á lẹ́rù?”

Ìyàwó Bàbá Ìyìn dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ká apá mọ́yà. Bàámi lósòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, aṣọ funfun rẹ̀ ń wọ́ nínú eruku, ó ń tọrọ àforíjì. Obìnrin náà kò tíì fèsì tí a fi gbọ́ ọ̀pá tó ń kan ògiri láti inú ilé, gbà, gbà, gbà. Bàbá Ìyìn ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó yà fún wa.

Ọ̀rẹ́ Bàámi ti rù. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn méjèèjì wo ara wọn, ó sì ká mi lára láti máa wò wọ́n.

Bàámi ní, “Yẹ́lò wọlé. Ihò keje. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.”

Bàbá Ìyìn mi orí. Ó tiraka, ọ̀rọ̀ kan sì jáde, ketekete. “Irọ́.”

Mo rí ojú rẹ̀. Ó rò pé a wá fi àánú tàn òun bí ọmọdé ni. Bàámi fa fóònù yọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ kiri. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, nítorí inú sítátọ́ọ̀sì gan-an ló ti máa ń ya àwòrán, kì í pa á mọ́. Kò sì sí ẹlẹ́rìí ní pápá. Ó ń sọ pé, “Ó wọlé o, Ọlọ́run gbọ́,” ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, Bàbá Ìyìn sì ti yí ojú sí ògiri.

Èmi ni mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́.” Mo jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn pé mo ti ń ya sítátọ́ọ̀sì Bàámi pamọ́ nítorí mo rò pé ó ti fẹ́ obìnrin. Bàámi wò mí tìyanu-tìyanu. Mo wá a kàn, mo gbé fóònù síwájú bàbá náà. Iyanrìn dúdú, àsíá tó wọ́ díẹ̀, yẹ́lò nínú ihò, nọ́ńbà méje lára àsíá náà.

Ó fà á mọ́ra. Ó fi àtàńpàkò nu ojú fóònù náà, ó tún wò ó. Ó wá na ìka òsì márààrún sókè, ó pa wọ́n dé, ó tún na méjì.

Bàámi ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Méje. Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, èmi ìbá mú mẹ́sàn-án.” Omi sì ń dà lójú rẹ̀, ọkùnrin tí kò sunkún lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi.

Ìyàwó Bàbá Ìyìn ń bi wá pé kí ló wà nínú àwòrán náà. Mo ní, “Màmá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ọkọ yín tó fi wọlé.” N kò rò pé ó yé e. Ṣùgbọ́n ó wo ọkọ rẹ̀ tó ń fi apá kan ẹnu rẹ́rìn-ín, ó wọ yàrá lọ, a sì gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ àpótí.

Mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí fóònù Bàbá Ìyìn kí a tó kúrò níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo rí i lórí sítátọ́ọ̀sì tirẹ̀, àkọ́kọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ara rẹ̀ kò ti yá. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀: “Mo wà láàyè. Irin méje.” Ọwọ́ mi ti lọ síbi tí mo fi ń ya ojú fóònù, mo sì fà á padà.