Mẹ́mórì Tó Kọ̀ Tí Kò Sáré

Iṣẹ́ àwòrán ilé ni mò ń ṣe. Àwọn tó ń kọ́lé sí ìhà Ìjokò ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Bí wọ́n bá ti ra ilẹ̀, wọ́n á ní kí n ya ilé náà fún wọn bí yóò ṣe rí tó bá parí, tòun ti ọ̀dà àti òdòdó ẹnu ọ̀nà. Yàrá kan nílé wa ní Ìjù ni mo ti ń ṣe é, lórí kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi tò.

Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń wúwo fún ẹ̀rọ. Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín, mo lọ ra mẹ́mórì tuntun méjì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kì bọ ihò inú kọ̀ǹpútà kó lè yá sí i, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Toll Gate Ṣàngó. Sítíkà ara méjèèjì kọ ọ́ gàdàgbà pé 3200 ni eré wọn.

"Ìbejì ni wọ́n, aunty mi," ọkùnrin náà wí. "Ẹ lọ fi wọ́n sí i, ẹ ó máa ṣàdúrà fún mi."

Mo délé, mo fi wọ́n sí i, mo tan ẹ̀rọ. 2133 ló kọ síwájú mi. Ìyẹn ò tíì bà mí lẹ́rù, torí mo mọ̀ pé mẹ́mórì kì í sáábà sáré dé ibi tó yẹ àfi téèyàn bá wọ inú sẹ́tíǹgì ẹ̀rọ lọ fún un láṣẹ. Mo wọ ibẹ̀, mo fún un láṣẹ. Ojú ẹ̀rọ bá ṣókùnkùn. Fáànù ń yí, àmọ́ kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ó kú, ó jí, ó tún kú. Nígbà tó padà bọ̀ sípò, 2133 náà ló tún gbé kalẹ̀.

Mo pe ọkùnrin náà lórí fóònù.

"Kọ̀ǹpútà yín ló ti gbó," ó ní. "Ọjà tèmi ò ní wàhálà."

Mo sọ fún un pé àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó lè gba 3200 dáadáa. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Aunty mi, ṣé dádì wà nílé? Ẹ fún wọn ní fóònù, ká jọ sọ ọ́ lọ́kùnrin sí ọkùnrin."

Ọkọ mi, tó ń ta irin ìkọ́lé, tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ ọ̀hún! Mo pa fóònù náà mọ́ ọn létí.

Mo yọ mẹ́mórì méjèèjì, mo sì dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú ihò kan náà. Mo fún ọ̀kan láṣẹ, ó sáré dé 3200, mo fi ṣiṣẹ́ títí oòrùn fi kan àtàrí, kò gbọ̀n. Mo yọ ọ́, mo fi èkejì síbẹ̀. Òkùnkùn. Mo gbé e lọ sí ihò mìíràn. Òkùnkùn náà ni. Ó wá yé mi: ọ̀kan ló ń fa èkejì sẹ́yìn, torí pé bí méjèèjì bá jọ wà nínú ẹ̀rọ, wọn ò lè sáré ju èyí tó lọ́ra lọ.

Mo gbé èyí tó kọ̀ náà lọ sójú fèrèsé. Etí sítíkà rẹ̀ ti ká sókè díẹ̀. Mo fi èékánná họ ọ́. Sítíkà mìíràn ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, 2133 ni wọ́n sì kọ sí i.

Ara mi gbóná. Bó bá sọ fún mi pé àlòkù tó lọ́ra ni, bóyá ǹ bá rà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn kan jókòó, ó tẹ sítíkà irọ́, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn wẹ́kú. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣàngó. Èèyàn pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo gbé mẹ́mórì náà lé orí káńtà, mo ní kó fi í sínú ẹ̀rọ tirẹ̀ lójú gbogbo wa. Ó ní òun ń dá oníbàárà lóhùn. Mo ní oníbàárà lèmi náà. Ohùn mi ti lọ sókè débi pé Alhaja tó ni ilé tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, tó ń ta aṣọ ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, dìde wá.

"Kí ló dé?"

Mo fi sítíkà méjèèjì hàn wọ́n. Wọ́n yí sí ọkùnrin náà. "Fi í sínú ẹ̀rọ kí n rí i."

Ó fi í sí i, ó fún un láṣẹ kó sáré dé 3200. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn, ó tún padà bọ̀ sípò. 2133.

"Alhaja, bí wọ́n ṣe kó o wá fún mi láti Èkó nìyẹn o."

"Ṣé ará Èkó ló tà á fún un ni, àbí ìwọ?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí abẹ́ káńtà. Ó mú mẹ́mórì mìíràn jáde. Mi ò gbà á títí ó fi sáré dé 3200 níwájú mi. Bó ṣe ń dì í fún mi ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó ṣì ń ká mi lára dòní.

"Ẹ má bínú, aunty. Àwọn obìnrin kì í sáà yẹ̀ ẹ́ wò ni."

Kò tijú! Mo ní, "Gbogbo yín, ẹ gbọ́ o! Ó ní ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò lòun ń rẹ́ jẹ!" Ọkùnrin kan tó wọ táì tẹnu bọ̀ ọ́ pé, "Madam, ẹ ti gba tiyín, ẹ jẹ́ kó tán síbẹ̀." Ṣé torí mo gba tèmi ni kí n panu mọ́ kó máa rẹ́ ẹlòmíràn jẹ?

Kọ̀ǹpútà mi ń sáré báyìí, àwọn onílé Ìjokò sì ń tètè rí àwòrán wọn gbà. Ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin náà ṣì wà ní ṣíṣí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe ń kọjá, mo rí obìnrin kan tó ń gba mẹ́mórì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró sí òdìkejì títì, mo figbe ta:

"Màmá! Ẹ ní kó kọ́kọ́ fi í sínú ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó lọ!"

Ọkùnrin náà ń juwọ́ sí mi pé kí n máa lọ. Obìnrin náà wò mí, ó wo mẹ́mórì náà, ó sì gbé e padà sórí káńtà.